Àkọ̀ Ìbọn Tí Ràfátù Rán Kẹ́yìn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọládipọ̀ gbé àkọ̀ ìbọn rẹ̀ padà wá fún mi. Ó ti pé oṣù mẹ́rin nígbà náà tí a ti sin Ràfátù, ìyàwó mi.

"Òkun o, Bàbá," ó kí mi, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Ìjùmú tí wọ́n ti bí i. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sọ ohun tó gbé ọ wá."

"Àkọ̀ yìí ni, Bàbá. Ó fún. Ìbọn kò wọ̀ ọ́ ju ìdajì lọ. Ọjọ́ tí ẹ fún mi ni mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn Ìyá ti le nígbà yẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣaláìsí. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ ni mo ṣì ń lò, ó sì ti ya. Wọ́n wá gbé mi lọ sí Ìsánlú báyìí. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ."

"Mú un wá."

Awọ màlúù tó nípọn ni, a pa á láró dúdú. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó lé ní ogójì ọdún tí iṣẹ́ wa ti rí bákan náà: èmi ni mo ń wọn awọ, tí mo ń gé e; Ràfátù ló ń rán an. Abẹ́rẹ́ méjì ló fi ń rán, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, tí méjèèjì ń gba inú ihò kan náà kọjá, pẹ̀lú òwú tó ti fi ìda oyin pa. Bí o bá fi èékánná tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Àkọ̀ yìí ni ohun tó rán kẹ́yìn láyé. Orí ibùsùn ló ti rán an, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn. Ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn máa fi pé, ó ti wà ní ọsibítù, kò sì padà wálé mọ́.

Ọládipọ̀ jáde síta, ó kọ ojú ìbọn sílẹ̀, ó yọ ọta inú rẹ̀, ó kó wọn sápò. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ìbọn tó bá ní ọta nínú kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ti kọmíṣọ́nnà. Láti ìgbà tó ti jẹ́ kọ́ńsítébù ló ti mọ òfin náà. Nígbà tó wọlé, ó ti ìbọn bọ inú àkọ̀. Ó dé ìdajì, ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Kò lọ.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ọwọ́ Ìyá ló ti rẹ̀ nígbà yẹn, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ara kì í le kí èèyàn má ṣe àṣìṣe, áńbọ̀sì ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ ṣáà tú u, kí ẹ fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín, kí ẹ tún un rán. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Mo wo ojú rírán náà.

"N kò ní í tú u," mo ní. "Màá nà án. Awọ ni, awọ a máa gbà."

"Tí kò bá gbà ńkọ́?"

"Wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì."

"Bàbá, ìbọn ni o. Kì í ṣe bàtà."

"Ìgbà wo ni o kọ́ṣẹ́ awọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó tán. Mo ti dákẹ́."

Ó lọ. N kò dá a lóhùn lórí ohun tó sọ nípa ọwọ́ Ràfátù. Ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Mo gbà nínú ọkàn mi pé ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì pinnu pé ọ̀bẹ kankan kò ní í kan iṣẹ́ náà níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé.

Ọlọ́pàá kì í fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ, kò sì yẹ kó fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ìbọn igi la ń lò. Mẹ́fà ló wà lórí pẹpẹ, oríṣi kọ̀ọ̀kan fún oríṣi ìbọn kan. Mo mú èyí tó bá ti Ọládipọ̀ mu. Mo fi aṣọ tí mo ti rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa inú àkọ̀ náà títí awọ fi rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Omi díẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ jù, awọ á wú, nígbà tó bá sì gbẹ, á le bí igbá. A kì í fi òróró sí i. Awọ tí a fi òróró rọ̀ á dà bí ahọ́n, kò ní í lè di ìbọn mú mọ́. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé ìbọn igi náà kó lè máa yọ̀, mo wá ń rọra tì í wọlé, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń ti ẹsẹ̀ ọmọdé bọ bàtà. Ó kọjá ìdajì. Òógùn ti bò mí kó tó wọlé tán. Mo fi ìwo màlúù tó dán ra ara awọ náà láti ìta kó lè mọ bí igi ṣe rí, mo sì gbé e sí òjìji. Oòrùn Lọ́kọ́ja kì í gbẹ awọ, sísun ló ń sun ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe ju kó jókòó tì í lọ. Mo jókòó tì í.

Ọdún tí mo jáde girama, èsì ìdánwò mi kò gbé mi dé ibì kankan. Bàbá mi mú mi lọ sí etí odò, ní Lọ́kọ́ja àtijọ́, sọ́dọ̀ Bàbá Àbùbákàr, ará Ìlọrin, tó ń rán gàárì ẹṣin àti àkọ̀ ọ̀bẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan jókòó sórí ẹní, abẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé orí sókè. Mo kí wọn nílé. Gbogbo wọn dáhùn àyàfi òun. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹsẹ̀ yín wà lórí awọ mi." Ohun tí Ràfátù kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n so wá pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí omi. Láàárọ̀ a máa ń gbọ́ àwọn Nupe apẹja tí wọ́n ń pe ara wọn láti inú ọkọ̀. Lọ́sàn-án àwọn ará Igala á máa gbé iṣu gòkè láti etí omi. Ràfátù gbọ́ èdè mẹ́rin, ó sì lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nájà. Èmi gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Hausa díẹ̀, mo sì ní gẹ̀ẹ́sì girama tí ẹnì kankan kò bi mí. Bí oníbàárà bá ń pariwo, òun ló máa ń dá a lóhùn, kò sì ní í pẹ́ tí olúwa rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Nígbà tí omíyalé ọdún 2012 dé, omi wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó dé mi láyà. Àwọn ìbọn igi léfòó, wọ́n ń bá omi jáde lọ. Ràfátù ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń wọ́ omi tẹ̀lé wọn. Àwọn tó ti sá gun òrùlé ń ké sí i pé, "Ìyá Ṣàmsí, ẹ mú olè yẹn, ó fẹ́ yìnbọn." Ó rí márùn-ún mú. Ó padà wá, ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀kẹfà ti ń lọ sí Oníṣà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí adigunjalè rí i. Èmi ni mo gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀ nígbà tí a kó wá sí Karaworo. Odò kò sí níhìn-ín. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń sọ pé etí òun ṣófo.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ wa Ṣàmsíátù, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ganaja, wọ kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ wá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fa ìbọn igi náà yọ. Mo ti fẹ́ fi aṣọ kan lé orí náílọ́ọ̀nù, kí ìbọn náà lè tóbi sí i díẹ̀, kí n sì tún tì í padà.

"Bàbá, kí lẹ ń bá jà báyìí?"

"Mò ń na àkọ̀ ọlọ́pàá kan."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Iṣẹ́ Màámi ni. Èyí tí wọ́n rán lórí ibùsùn."

Mo mi orí pé òun ni.

"Ó fún?"

"Ó fún."

"Kí ló dé tí ẹ ò tú u?"

"Ó lè gbà láìtú u."

"Tí kò bá gbà ńkọ́?"

"Ìwọ àti ọlọ́pàá yẹn, ẹnu kan náà lẹ ní."

Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Ẹnì kankan kò tíì jókòó síbẹ̀ láti oṣù mẹ́rin.

"Màámi ìbá ti tú u, Bàbá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí báàgì ìyàwó dókítà yẹn? Wọ́n ti rán an tán, wọ́n rí ojú kan ṣoṣo tó wọ́, wọ́n sì tú u títí dé ìdí. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Wọ́n ní, 'Èmi ti rí i ná.'"

"Mo rántí."

"Kí ló wá dé?"

"Oúnjẹ ń tutù," mo ní.

"Oúnjẹ yín ni. Èmi ti jẹun."

"Jẹ́ kí n jẹ ẹ́ nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀. N kò wo ojú náà pẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ olọ́mọ nítorí òwú o, Bàbá." Mo ní kó kí àwọn ará ilé rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìbọn igi pẹ̀lú aṣọ kan ti ń wọlé, ó sì ń jáde. Ibì kan ṣoṣo ló kù, ní òkè, níbi irin róbótó tó yí ibi ìka ká. Awọ ṣì ń di í mú níbẹ̀. Mo gbé àkọ̀ náà sún mọ́ fèrèsé, mo ya ẹnu rẹ̀, mo sì tan iná fóònù sínú rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí ọwọ́ Ràfátù ti yẹ̀. Inú awọ ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí, kí ìta má bàa dọ̀tí. Ìlà yẹn ni ó máa ń rán tẹ̀lé. Mo rò pé màá rí ibi tí ojú rírán ti yà kúrò lórí ìlà wọ inú.

Kò yà wọ inú níbì kankan. Ìta ìlà ló wà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló fi ìwọ̀n ìbú hóró ọkà bàbà kan sún jáde sí etí awọ, ó sún un dé ibi tí awọ lè gbà á dé láìya.

Mo wá bébà tí mo fi wọn àkọ̀ náà jáde. Mo gbé ìbọn igi lé e. Ìlà tí mo fi bírò fà gbá igi náà mọ́ra, kò sí àyè kankan láàárín wọn.

Bàbá Àbùbákàr kọ́ wa pé a kì í fa ìlà yí ìbọn igi tó wà níhòòhò ká. Aṣọ la máa ń kọ́kọ́ fi wé e ní ìlọ́po méjì, torí awọ tí a bá tẹ̀ á jẹ nínú àyè tí a fún un. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. N kò wé e.

Mo rántí òwúrọ̀ tí mo gé awọ àkọ̀ náà. Ràfátù ti wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ń sáré kí n lè lọ ra oògùn. Láti inú yàrá ló ti bi mí pé, "Bàbá Ṣàmsí, ṣé ẹ wé ìbọn yẹn?" Mo ní mo wé e. N kò wo ìbọn náà kí n tó dáhùn. N kò fẹ́ràn kí wọ́n máa bi mí léèrè lórí iṣẹ́ mi, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Nígbà tí mo ti ibi oògùn dé, ó ti ń rán an. Ó rí i pé ìlà náà kò dára. Kò sí bí kò ṣe ní í rí i. Kò pè mí. Ó sún abẹ́rẹ́ sí ìta, ó lo gbogbo àyè tó kù nínú awọ náà, ó sì fi irú ojú rírán tí èèyàn kò lè rí àléébù sí bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀. Èmi ni mo wá jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló rẹ̀.

Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Mo ṣe àlùwàlá, mo kírun. Lẹ́yìn náà, mo fi aṣọ wé ìbọn igi náà ní ìlọ́po méjì, mo tì í bọ inú àkọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọládipọ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ ń dúró dè é lójú títì, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó yọ ọta níta, ó wọlé, ó ti ìbọn bọ inú àkọ̀. Ó wọlé tán.

"Háà, Bàbá. Awọ gbà lóòótọ́."

"Fà á yọ."

Ó fà á. Ó jáde, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ há díẹ̀.

"Tún un fà. Má rọra. Fà á bí ẹni tí nǹkan ká mọ́."

Ó fà á kíá. Ìbọn há, àkọ̀ sì bá a gòkè. Ọwọ́ kejì ló fi di àkọ̀ náà mú kó tó lè yọ ọ́.

"Kò burú," ó ní. "Yóò máa rọ̀ bí mo bá ṣe ń lò ó."

"Bí ẹnì kan bá dìde sí ọ lójú ọ̀nà, ṣé wàá ní kó dúró kó rọ̀ ná?"

Mo gba àkọ̀ náà, mo tún un wò. Mo lè nà án sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá nà án sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbòòrò jù, ìbọn á sì já bọ́ lọ́jọ́ tó bá sáré. Òkè nìkan ló kù. Ojú rírán méje ló dì í mú.

Mo mú ọ̀bẹ kékeré.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò ní í tú u."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ní kò burú."

"Jókòó."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó. Mo gé àkọ́kọ́. Òwú náà kò tètè já. Ìda ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú awọ. Mo gé ìkejì. Nígbà tí mo gé ìkeje tán, ẹnu àkọ̀ náà là díẹ̀. Mo so òwú tó kù kó má bàa máa tú lọ. Mo fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín, mo gba inú àwọn ihò tí Ràfátù ti lu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán, abẹ́rẹ́ méjì. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rán. Ohun tí òun ìbá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe, mo ti lo ìdajì wákàtí lórí rẹ̀. Awakọ̀ fun fèrè lójú títì. Ọládipọ̀ jáde lọ bá a, mo gbọ́ tó ní, "Pa ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ Bàbá kò tíì parí."

Nígbà tó padà, mo ní, "Ohun tí o sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ọwọ́ Ìyá ló rẹ̀."

"Bàbá, mi ò sọ ọ́ láti fi…"

"Gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò rẹ̀. Èmi ni mo fa ìlà tí kò dára. Ó bi mí léèrè, mo purọ́ fún un. Òun ló tún un ṣe dé ibi tí agbára mọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Ìsánlú ẹni tó rán an, sọ pé Ràfátù ọmọ Àbùbákàr ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa méje òkè yìí, sọ pé ọkọ rẹ̀ ni."

Ó gba àkọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó wo òkè rẹ̀ dáadáa.

"Wọn ò ní í bi mí, Bàbá," ó ní. "Ojú á ti rí i."

N kò bínú. Òótọ́ ni. Méje náà wọ́ bí ẹni tó mu ọtí, ṣùgbọ́n wọ́n dì.

Ó dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ìbọn bọ inú àkọ̀, ó fà á yọ, títí ó fi tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kò há rárá. Ó fi àkọ̀ náà sí ìgbànú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi kọjá ìyànà.

Kí n tó múra Jímọ̀, mo pe Ṣàmsíátù lórí fóònù.

"Mo tú u," mo ní.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Méje. Ní òkè."

"Ta ló wá rán an padà?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ṣé ó dára?"

"Rárá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Mo gbé fóònù náà mọ́ etí, n kò sì ní kó dákẹ́.